Òkété Tí Kò Bímọ

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo fi òwe yìí kí ìyá kan ní kúlóòsì wa ní Festac lọ́jọ́ kan, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ń fowó ránṣẹ́ láti Houston. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń to sálúbàtà gbogbo ará ilé sẹ́nu ọ̀nà ní méjì-méjì, tó kọrí gbogbo wọn síta. Ó ní, "Èyí ńkọ́? Ọmú ta lòun máa mu?"

Ara ọkùnrin yìí dàgbà, òye rẹ̀ ni kò bá a dàgbà. Ó mọ ohùn fèrè gbogbo mọ́tò tó ń wọ kúlóòsì, á ti ṣí géètì kí onímọ́tò tó fun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bó o bá fún un lẹ́gbẹ̀rún náírà pé kó ra búrẹ́dì wá, kò ní dúró gba ṣéńjì. Àwọn ọmọdé a máa la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìyá á ké mọ́ wọn látojú fèrèsé: "Bọ̀ọ̀dá ni kẹ́ ẹ máa pè é! Ó ju bàbá yín lọ."

Àdúrà tá a jọ ń ṣàmín sí ni pé kí ọmọ ó sin òbí. Ìyá yìí rọra sọ fún mi pé òdìkejì lòun ń gbà lóru: kí Ọlọ́run jẹ́ kóun sin ín kóun tó kú. Mi ò lè ṣàmín. Ẹnu mi ò sì gbà á láti ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ibi tí òwe náà dákẹ́ sí nìyẹn. Ẹ̀san ló ń sọ: mo tọ́ ọ, ìwọ náà á tọ́ mi. Ẹni tí kò tọ́ ọmọ kankan, gbèsè ta ló fẹ́ lọ gbà? Àmọ́ ẹ wo òkété fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti dẹ ẹ́ rí mọ̀ pé ihò rẹ̀ kì í sábà ní ẹnu kan ṣoṣo, àti pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń kó ẹkùrọ́ wọlé pamọ́ nígbà tí agbára ṣì wà. Kì í ṣe ọmú nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Láyé agboolé, ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́ díẹ̀. Igba ojú ní í wo ọmọ tí ojú méjì bí. Yàrá kò sì ní wọ́n ọmọ ilé, bó gbọ́n bí kò gbọ́n, torí kò sẹ́ni tó lè dá ilé ẹbí tà. Ẹ̀mí àwọn tó rí bíi bọ̀ọ̀dá náà kì í sì í gùn tó báyìí nígbà náà. Bí àpẹẹrẹ, ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 25 ni ẹni tó ní Down syndrome ń lò láyé ní 1983. Lónìí ó ti tó 60, pàápàá nítorí iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní ìkókó. Ṣùgbọ́n ogbó máa ń yá dé bá wọn: iyè ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra láti bí àádọ́ta ọdún. Ìyá àtọmọ á wá jọ di arúgbó lábẹ́ òrùlé kan.

Kúlóòsì kì í sì í ṣe agboolé. Nígbà tí àjọ̀dún FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, bálọ́ọ̀tì ni wọ́n fi pín àwọn ilé tí wọ́n kọ́ torí rẹ̀, tó di Festac wa yìí. Àwọn tó gbọ́mọ pọ̀n wọlé nígbà náà ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, ọmọ ẹ̀yìn wọn ti ń hewú. Bí òbí bá kú, fúláàtì di ogún. Wọ́n á tà á, wọ́n á pín in dọ́gba, wọ́n á wá fi bọ̀ọ̀dá ránṣẹ́ sí abúlé, sọ́dọ̀ àǹtí tí kò mọ̀ rí, níbi tí kò ti sí géètì tó máa ṣí.

Bó o bá béèrè ibi tí à ń gbé irú wọn sí, wọ́n á dárúkọ Modupe Cole Memorial Child Care ní Akoka fún ọ. Ilé tó dáa ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ náà ń sọ pé ọmọdé ni wọ́n kọ́ ọ fún. Òfin Èkó ti 2011 dá LASODA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 2019. Mo yìn wọ́n, àmọ́ òfin ò lè bá èèyàn sùn lóru tí àrá bá ń sán.

Ọsibítù Aró ní Abẹ́òkúta ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ò ti gbogbo alárùn ọpọlọ mọ́ wọ́ọ̀dù. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, mọ̀lẹ́bí kan á sì tẹ̀ lé aláìsàn wá. Àìsàn kọ́ ló ń ṣe bọ̀ọ̀dá wa, kò sí ohun tí a fẹ́ wò sàn lára rẹ̀. Ètò ibùgbé yẹn ni mo fẹ́ yá lò: àárín èèyàn tó ń kíni káàárọ̀.

Ìyá ti ń kó ẹkùrọ́ tirẹ̀ wọlé. Ó ti bá lọ́yà ṣe ìwé ìhágún pé wọn ò gbọdọ̀ ta fúláàtì níwọ̀n ìgbà tí àkọ́bí bá wà láyé. Ará Houston ni yóò mú owó dání, opó aláàkàrà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni yóò mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó ń mówó má baà jẹ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ. Lálaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ opó yẹn ni bọ̀ọ̀dá ń sùn báyìí, kó lè mọ́ ọn lára. Ìyá sì ń kọ nǹkan sínú ìwé fọ́tì líìfù kan fún un. Ó fi hàn mí. Ó kọ ọ́ pé: Ó ń bẹ̀rù àrá. Kì í jẹ ẹ̀wà tó bá tutù. Sálúbàtà bàbá rẹ̀ tó ti kú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi; ẹ jẹ́ kó máa tò ó mọ́ tiyín.