Má Fi Àmì Sí Káàdì Kí Owó Tó Dé Báńkì

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sọ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kernel. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Ohùn wọn wà lórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lórí oríkì àti ọ̀rọ̀ àtijọ́ inú rẹ̀, inú fáìlì kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, ní yàrá kọ̀ǹpútà kan tí fáìlì gbogbo wa ń gbé lórí sáfà kan náà. Mo tẹ ‘save’, ẹ̀rọ ní ó ti wọlé. Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Nígbà tó dé, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyá, wọ́n ti papò dà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló bá mi wádìí rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi sáfà náà sí ‘async’ kí iṣẹ́ lè yá. Ìyẹn ni pé sáfà yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ ti wà lórí díìsìkì nígbà tó ṣì wà nínú mẹ́mórì. Bí iná bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ fojú inú wo alájọ tó fi àmì sí káàdì yín pé owó ti dé báńkì, nígbà tí owó ṣì wà nínú báàgì rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bí olè bá dá a lọ́nà, àmì káàdì kò ní í san owó.

NFS ni ètò tí sáfà náà ń lò. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1984. Nínú ẹ̀yà kejì rẹ̀, òfin ni pé sáfà kò gbọdọ̀ dáhùn títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ibi ìpamọ́ tó dájú. Òótọ́ ni, àmọ́ ó falẹ̀. Ẹ̀yà kẹta, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1995, pín ìdáhùn sí méjì. Sáfà lè kọ́kọ́ sọ pé ‘mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ’. Tó bá yá, kọ̀ǹpútà tó rán an níṣẹ́ á fi àṣẹ COMMIT béèrè bóyá ó ti dé àká. Kí ìdáhùn yẹn tó dé, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀dà ọwọ́ tirẹ̀ nù. Sáfà a sì máa fi nọ́ńbà kan sí ìdáhùn rẹ̀. Bó bá kú tó sì tún jí, nọ́ńbà náà á yí padà, kọ̀ǹpútà yẹn á sì mọ̀ pé òun ní láti tún ọ̀rọ̀ rán.

Òfin lásán kò tó. Kóòdù inú kernel ló ń mú un ṣẹ, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Bí díìsìkì sáfà bá kún, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lè ti gbọ́ ‘ó ti wọlé’ kí ìròyìn burúkú tó dé. Ta ni kernel yóò wá sọ ọ́ fún? Nínú Linux, títí di 2017, àmì kan ṣoṣo ló máa ń fi sára fáìlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi fsync béèrè á gbọ́, àmì á sì parẹ́. Ẹni kejì á gbọ́ pé àlàáfíà ni. Linux 4.13 ló tún un ṣe: àmì di òǹkà, kí gbogbo ẹni tó ṣí fáìlì náà lè gbọ́. Síbẹ̀, ní 2018, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL rí i pé bí fsync bá kùnà tí wọ́n sì tún un pè, ó lè ní kò séwu, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò sí lórí díìsìkì. Ní 2019, wọ́n yí tiwọn padà: bó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró, á sì tún ọ̀rọ̀ náà gbà láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Irú àtúnṣe báyìí kì í hàn sójú. Kò fi bọ́tìnì tuntun kún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni.

Àwọn kan á ní ìyára ni ayé ń wá. N kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀yà kẹta NFS ti fi hàn pé ìyára àti òótọ́ lè jọ gbélé. Ohun tí mo kọ̀ ni ìyára tí a fi irọ́ rà, láì sọ fún ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ máa ka ìdáhùn tí fsync àti close bá fún yín. Ẹ̀yin alábòójútó sáfà, bí ẹ bá yan ‘async’, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo wa rí i.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú ẹkún náà tí n kò rántí ìtumọ̀ wọn mọ́. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà nílé tó mọ ẹkún ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n. Màá fi ohùn náà ránṣẹ́. Ibi mẹ́ta ni màá kọ ìdáhùn wọn sí.