Ilé Etí Omi: Ta Ló Ni Afẹ́fẹ́?

Kí ni à ń pe condominium ní Yorùbá? Ní sáà tó kọjá ni wọ́n fún wa ní ìpolówó ilé kan létí ọ̀sà ní Èkó pé ká tú u sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló sì dá gbogbo kíláàsì dúró. Ẹnìkan ní "ilé alájà púpọ̀". Ilé alájà púpọ̀ ṣáà ni ilé ìfowópamọ́ àti ọsibítù náà. Ẹlòmíràn ní "ilé olówó". A rẹ́rìn-ín, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àkókò ti lọ.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò ṣòro. Èèyàn ra fíláàtì tirẹ̀ nínú ilé ńlá kan, àmọ́ ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé, àtẹ̀gùn, lífìtì, géètì, jẹnẹrétọ̀ àti ọgbà jẹ́ ti gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń dá owó tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìmàṣàyí bíi tèmi, tàbí Ayétòrò, tàbí ibikíbi tí agbo ilé ṣì wà, kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Yàrá ni tèmi, àgbàlá ni tiwa. Bí òrùlé bá ń jò, ìdílé á pe ìpàdé, olúkúlùkù á dáwó, ẹnìkan á sì wà tí kò ní san tirẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ agbo ilé àtijọ́, pàápàá èyí tó ní akódì. Yàrá yí àgbàlá ká, òrùlé da ojú kọ inú, òjò tó bá rọ̀ á ti orí òrùlé bọ́ sínú ìkòkò láàárín ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sá ooru ọ̀sán sí. Ilé náà mọ oòrùn, ó mọ òjò, ó sì mọ ẹni tó ń wọlé bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní ilé ìgbádùn.

Nítorí náà, mi ò bá ilé àjọgbé jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí etí omi, kí wọ́n tó fi owó gọbọi lé e lórí.

Ẹ ka àwọn ìpolówó náà dáadáa. Nínú ilé kan náà, fíláàtì tó kọjú sí omi máa ń wọ́n ju èyí tó kọjú sí títì lọ. Wíwò ni wọ́n ń tà. Kò sẹ́ni tó máa pẹja nínú ọ̀sà náà, kò sẹ́ni tó máa ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà. Wọ́n á tún gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré síra wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ọ̀sà gan-an. Ẹ̀gbin ìlú Èkó ló ń wọ́ lọ síbẹ̀, tó fi mọ́ ti àwọn ilé ńláńlá kan tó ń polówó omi mímọ́ gaara.

Òkè ilẹ̀ ni a wà ní Ìmàṣàyí, ẹnikẹ́ni lè bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ etí omi. Àmọ́ láti 1995 tí a ti pa orúkọ Ẹ̀gbádò tì, orúkọ odò ni gbogbo wa ń jẹ́. Odò Yewa ń ṣàn gba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa lọ sí gúúsù, inú ọ̀sà Àgbádárìgì ló ń bọ́ sí, ọ̀sà yẹn sì bá ti Èkó tan. Ọ̀rọ̀ omi Èkó kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò.

Ẹ wo Eko Atlantic, tó jẹ́ èyí tó tóbi jù lọ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òkun fi ń jẹ etí Bar Beach, títí omi fi ń bo títì Ahmadu Bello ní Victoria Island. Àwọn ògiri òkúta tí ìjọba òyìnbó fi ṣọ́ ẹnu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 wà lára ohun tó fà á. Yanrìn etíkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri wọ̀nyẹn dá a dúró, Bar Beach kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 2009 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn padà sínú òkun láti fi ṣe ilẹ̀ tuntun tí yóò fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóòró, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Bill Clinton wà lára àwọn tó wá síbi ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù kejì 2013. Ilé gogoro ti dúró lórí rẹ̀ báyìí, Eko Pearl Towers wà lára wọn.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: ògiri náà gba Victoria Island lọ́wọ́ ìgbì. Ẹni tó bá rí títì yẹn kí wọ́n tó ṣe é kò ní sọ pé asán ni. Àmọ́ ṣé yanrìn ti ṣíwọ́ ìrìn ni? Bí a bá dá a dúró níbì kan, ibi tó tẹ̀ lé e ló máa jẹ gbèsè. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ru wọ Kuramo, tí kò jìnnà síbẹ̀, ó sì gbé àwọn èèyàn lọ. Àwọn ará Òkun Alfa, tó wà ní ìlà-oòrùn lójú òkun kan náà, ti pàdánù ilé àti títì fún omi. Kò sẹ́ni tó mọ irú ògiri Eko Atlantic fún wọn, nítorí kò sí fíláàtì tí wọ́n fẹ́ tà níbẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù keje 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, wọ́n wó Maroko. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé èèyàn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ni kò rílé gbé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀ lónìí, kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Láti oṣù kọkànlá 2016 títí di oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame kúrò létí ọ̀sà lọ́nà Lẹ́kì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn. Ègùn ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ìbátan wọn jẹ́ aládùúgbò wa ní Ìpókíá àti Àgbádárìgì. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé wọn bẹ́ẹ̀ láìfún wọn níbi tí wọ́n máa lọ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ẹjọ́ náà dára létí, ṣùgbọ́n kò dá ilé kankan padà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àánú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká wo ilé náà fúnra rẹ̀. Ṣé ó dára ní gbígbé?

Gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ògiri wọn, láti òkè délẹ̀, kí olówó lè rí omi. Gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ilẹ̀ tiwa yìí, ààrò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ òkun tó ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi ń polówó ilé ọ̀hún. Wọ́n ta afẹ́fẹ́ fún ọ, wọ́n wá fi gíláàsì dí i, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tì í, wọ́n sì fi owó dísù rẹ̀ kún service charge tí ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé máa dá lọ́dọọdún. Àwọn tó kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ ṣe irú èyí láé.

Iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ etíkun ń gbé iyọ̀ dání, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Bí kankéré tó bo ọ̀pá irin kò bá nípọn tó, tàbí tí wọ́n fi yanrìn òkun tí wọn kò fọ̀ pò ó, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, á sì la kankéré náà láti inú wá. Ògiri lè máa dán lójú títí ọjọ́ yẹn. Ìjàǹbá Ìkòyí ti 1 oṣù kọkànlá 2021 ní ti ẹjọ́ tirẹ̀, mi ò sì sọ pé iyọ̀ ló wó o, àmọ́ ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn olówó ló wó lulẹ̀ ní títì Gerrard, ó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lára wọn. Owó ńlá kọ́ ló ń mú ilé dúró.

Ìsọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Ìmàṣàyí tó ń ṣe bíríkìlà lọ́hùn-ún, oṣù méjì-méjì ló máa ń wálé. Mo bi í pé báwo ni inú àwọn ilé náà ṣe rí tí wọ́n bá parí. Ó ní, "Àbúrò, a kì í rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé géètì dé ni tiwa parí." Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún, èmi ló dùn. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì Ìbésè ń jáde láti ìjọba ìbílẹ̀ àríwá Yewa tiwa yìí: láti 2012 ni ilé iṣẹ́ Dangote ti ń ṣe é níbẹ̀, agbára rẹ̀ sì ti tó mílíọ̀nù méjìlá tọ́ọ̀nù lọ́dún. Abẹ́ ilẹ̀ wa ni òkúta ẹfun rẹ̀ ti ń wá, ojú títì wa ni tírélà rẹ̀ ń fọ́. A wà nínú ògiri àwọn ilé yẹn, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú omi wá ńkọ́? Ní Mákòkó, orí òpó igi ni ilé wà. Omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò bá ilé jà, ilé kò sì bá a jà. Ilé etí omi ti olówó kọ́kọ́ ń pa omi náà, ó ń kó yanrìn dí i, ó ń gé igi ẹ̀gbà tó ń fa agbára ìgbì sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa yà á lẹ́nu pé òjò oṣù keje kò rí ibi gbà lọ ní Lẹ́kì. Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò ní ká kó lọ sí Mákòkó. Ilé ìgbẹ́ kò tó níbẹ̀, omi abẹ́ ilé dúdú, iná sì lè ràn láti ilé kan dé èkejì kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Kódà ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀ síbẹ̀ ní 2013, tí gbogbo ayé ń yìn, wó ní oṣù kẹfà 2016 lẹ́yìn òjò ńlá. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó gbìyànjú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ẹnubodè wa ní Benin, Ganvié wà lórí omi Nokoué, orí òpó ni gbogbo ilé rẹ̀ wà bíi ti Mákòkó. Àwọn àlejò ń sanwó ọkọ̀ lọ wò ó. Ní Èkó, ìwé ìléni wákàtí 72 ni wọ́n gbé fún Mákòkó ní 2012.

Mo mọ̀ pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àwòrán àwọn ilé yìí sórí status, a ń kọ "láìpẹ́" sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni kò fẹ́ jí kó rí omi? Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń tà á, àwọn mìíràn sì ń kọ ìpolówó rẹ̀ fún owó oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ipò yín. Bí ìpàdé àwọn onílé bá dé, kó má jẹ́ owó dísù nìkan lẹ máa jíròrò. Ẹ béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí ilé náà ń lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó wà báyìí. Bí ọgbà yín bá gùn dé etí ọ̀sà, ẹ ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ibẹ̀: igi mélòó kan, ìjókòó kan, àti ibi tí ọkọ̀ apẹja lè gúnlẹ̀ sí láìsí pé ẹ̀ṣọ́ géètì lé e.