Ẹni Tó Ń Já Koríko Fẹ́ṣin

Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ní Kétu àti Àjàṣẹ́ lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti mọ òwe yìí sórí kí ó tó fojú kan ẹṣin. Kò yani lẹ́nu. Eṣinṣin tsétsé tó ń gbé inú igbó máa ń kó àìsàn ran ẹṣin, kì í sì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé ní ìhà gúúsù wa. Láti òkè ọ̀hún ni Ọ̀yọ́ ti ń ra èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń gùn.

Ohun tí a fowó ńlá rà, tí àìsàn sì lè mú lọ láìpẹ́, kò jọ ohun tí ènìyàn í fọkàn tì. Síbẹ̀, wọ́n fọkàn tì í. Ìtọ́jú ló fà á. Olùtọ́jú a jí ní kùtùkùtù. A já koríko, a pọn omi, a yẹ pátákò wò bóyá òkúta há sí i. Ẹṣin náà a sì mọ ohùn rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán ojú ènìyàn han ẹṣin 28. Nígbà tí wọ́n rí ojú tó le koko, ọkàn wọn tètè bẹ̀rẹ̀ sí lù kíkankíkan. Ẹṣin ń ka ojú wa.

Ẹ lọ sí Nikki nígbà ọdún Gààní, lọ́dọ̀ àwọn Bàrùbá, aládùúgbò àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ọba a wọ ẹṣin láṣọ, wọn a sáré wá kí ọba, kàkàkí a sì máa dún. Ẹni tó wà lórí gàárì ni gbogbo ayé ń yìn. Ta ló bi olùtọ́jú léèrè bí ó ti sùn?

Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí: Olókùn-Ẹṣin, alábòójútó ẹṣin Aláàfin, jẹ́ olóyè láàfin. Bí àwa bá ń ná owó sórí aṣọ ọdún nìkan, tí a kò ka olùtọ́jú sí, ọmọ rẹ̀ yóò fi koríko sílẹ̀ lọ gun zémìjáǹ. A kò lè bá a wí. Iṣẹ́ tó ń bọ́ni ni. Ṣùgbọ́n alùpùpù kò mọ ẹni tó ń rọ epo sí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ lọ wo Gààní, ẹ mú un dé ibùjẹ ẹran pẹ̀lú. Kí ó kí ẹni tó ń já koríko, kí ó sì béèrè orúkọ ẹṣin.