Ilé Ọ̀rá Kékeré fún Tòmátì Kúkúrú: Kí Ọbẹ̀ Wa Má Baà Dúró De Ọjà

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ọjà Fàrín Gádà jẹ́ fún wa. Ibẹ̀ ni tòmátì, ata àti kábéèjì ti ń wọ ilé wa, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìyá wa tó ń ta oúnjẹ ti ń rajà ní ìdájí. Ṣùgbọ́n a tún mọ bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà tí wàhálà bá dé. A rí i ní oṣù kẹsàn-án 2001, a rí i ní oṣù kọkànlá 2008, a tún rí i ní oṣù kìíní 2010. Ní oṣù kẹjọ 2021, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé fún wákàtí 24 ní Jọ́ọ̀sì Àríwá. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó lè wà lápò, kí ọbẹ̀ má sì sí níná.

Kì í ṣe wàhálà nìkan ló ń fa ọ̀wọ́n. Ní 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn sọ ní Ẹbọla tòmátì, ba oko jẹ́ ní Kaduna, Kano àti Katsina. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan tí kò ju ₦1,200 lọ ní Kaduna tẹ́lẹ̀ di ohun tó lé ní ₦40,000 láàárín oṣù mélòó kan. Kòkòrò náà tún yọjú ní 2024. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá gbówó lórí báyẹn, ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tòmátì tirẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ ó ní, ilẹ̀ dà? Òótọ́ ni. Bí ọ̀pọ̀ bàbá wa tilẹ̀ bá rélùwéè àti kùsà tánganran wá síbí, ilé àyágbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń gbé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì jẹ́ ohun tí à ń fi sùúrù sọ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n korobá ọ̀dà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí yóò bá yín du ú.

Tòmátì kúkúrú ló yẹ korobá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Roma VF àti UC82B wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn, wọn kì í sábà ga ju ìbàdí èèyàn lọ. Ẹ wá korobá lítà 20, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá, nítorí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Inú agolo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbin irúgbìn sí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tú wọn gbìn, ẹyọ kan sí korobá kan. Bí oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta sí i, ẹ ó máa ká èso pípọ́n.

Ọ̀tá ibẹ̀ ni òtútù. Jọ́ọ̀sì fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju òkun lọ, ẹ sì mọ bí òru oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ṣe máa ń rí. Bí òru bá tutù tó digírì 10, tòmátì kì í fẹ́ dàgbà mọ́, òdòdó rẹ̀ a sì máa já dànù. Nítorí náà, ẹ ri igi mélòó kan mọ́lẹ̀ níbi tí oòrùn ń dé, ẹ fi ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò ó, ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí kòkòrò. Bí oòrùn bá ti mú láàárọ̀, ẹ ká ọ̀rá sókè, torí ooru tó ju digírì 35 lọ náà máa ń ba òdòdó jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Bí òdòdó bá yọ, ẹ máa fọwọ́ gbọn igi rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, nítorí afẹ́fẹ́ inú ilé ọ̀rá kò tó. Ìdí ni kí ẹ máa bomi rin, kì í ṣe orí ewé, kó sì jẹ́ déédéé. Ẹni tó bomi lónìí tó gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdí èso rẹ̀ yóò dúdú, yóò sì rà. Ẹ má lo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin ata, ikàn tàbí pòtétò sí. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń bá wọn jà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ̀yin àgbà, ṣebí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì máa ń pọ̀ lọ́jà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fa omi kòtò kùsà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ takuntakun nígbà náà. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀rá tó ń dáàbò bo tòmátì lọ́wọ́ òtútù lóṣù kìíní, òun náà ni yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ òjò lóṣù keje. Omi òjò lórí ewé ló ń mú kí àrùn jẹ tòmátì run lóko, ìgbà náà gan-an ló sì ń wọ́n. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tí tòmátì wọ́pọ̀, kò ní mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá wọ́n.

A ò ní tàn yín. Korobá mẹ́wàá kò lè rọ́pò Fàrín Gádà, a ò sì fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Plateau tó ń bọ́ wa, alábàáṣe wa ni wọ́n. Ohun tí korobá mẹ́wàá lè ṣe ni kó mú ọbẹ̀ dé iná lọ́jọ́ tí ọjà bá tì, kó sì dín owó tí ìyá olóúnjẹ ń ná kù.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò níbi ìpàdé oṣù yìí. Ẹ dáwó jọ ra ọ̀rá, ẹ pín irúgbìn. Kí àwọn ìyá olóúnjẹ ló kọ́kọ́ gbà á, kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ bá wọn ri igi. Ọ̀sẹ̀ yìí ló yẹ kí irúgbìn wọnú agolo, torí ọyẹ́ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ire o.