Ẹ Má Pè É Ní Ìyá Tó Sá Fi Ọmọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílẹ̀ Ẹ̀gbá lásìkò yìí, ó sì yẹ ká dá a lẹ́kun. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin abiyamọ kan bá ti Abẹ́òkúta gba Ìlú Ọba lọ láti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Adátán tàbí ní Ìta-Èkó, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọn yóò máa sọ ní ọjà Kútọ̀, nídìí àdìrẹ ní Ìtòkú, títí dé inú ìpàdé ẹbí: "Owó ló ń lé kiri, ó sá fi ọmọ sílẹ̀." Bí ọkùnrin bá sì ṣe irú ìrìn-àjò kan náà, tí ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyàwó, àwọn ènìyàn kan náà yóò ní, "Akíkanjú ni, ó lọ wá oúnjẹ ọmọ." Kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ akíkanjú, tí èkejì sì di ọ̀dájú?

Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò yẹ là ń bá wí. Òfin ló ya ìyá nípa sí ọmọ, àwọn kan ń fi ìyapa náà ṣòwò, ẹbí sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyá ló ń ru ẹrù jù nínú gbogbo wọn, òun nìkan la sì ń dá lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba kò rí òṣìṣẹ́ tó, ìjọba ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ wá tọ́jú arúgbó lè gba físà, ó sì lè mú ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 18 dání. Nígbà tó yá, wọ́n ka orí àwọn tó wọlé. Ìjọba náà fojú bù ú pé láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú 100,000 ló dé, tí ẹbí tó tẹ̀lé wọn sì tó 120,000. Èyí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun lè wá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ. Òfin náà kò kan dókítà àti nọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ wá gbà á. Àwọn tó wọlé láàárín ọjọ́ méjèèjì wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi bá wí jù.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Obìnrin kan lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àkọ́bí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ọdún márùn-ún ni òfin tó bá lọ́hùn-ún ní kí ó lò kó tó lè bèèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé. Ìyẹn ni oṣù Kẹrin ọdún 2029. Ọmọ náà yóò ti pé ọdún 18, òfin kò sì ní kà á sí ọmọdé tó lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba náà kéde pé òun fẹ́ sọ ọdún márùn-ún yìí di mẹ́wàá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 8 pàápàá yóò ti dàgbà. Àfi bí ìyá bá rí iṣẹ́ mìíràn tí òfin fàyè gba ẹbí nínú rẹ̀, ìgbà èwe ọmọ ni yóò fi san owó iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété ilẹ̀ òkèèrè ló wá ń mu ọmú ọmọ wa báyìí. Obìnrin náà ń wẹ ìyá oníyàá, ó ń bọ́ ọ, ó ń yí i padà lórí ibùsùn lóru, nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń fi orúnkún ríro sáré lẹ́yìn ọmọ-ọmọ l'Abẹ́òkúta.

Àwọn kan yóò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó máa wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń gba owó-orí lórí iṣẹ́ náà, kò yẹ kó sọ pé òun kò mọ̀ pé ènìyàn tó ní ọmọ ló ni ọwọ́ náà. Àwọn mìíràn yóò ní, "Ta ló fipá mú un? Ó mọ̀ kó tó lọ." Ẹ rántí pé dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí òfin yìí fi máa dé, ó ti kọjá 1,400. Ìyá tó ń gba owó oṣù tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan mọ ohun tó ń sá fún.

Àwọn tó fi í ṣòwò ńkọ́? Òfin Ìlú Ọba kò fàyè gba kí wọ́n máa ta iṣẹ́ fún ẹni tó ń wáṣẹ́, síbẹ̀ àwọn éjẹ́ǹtì ta ìwé ìgbọ̀wọ́ ní mílíọ̀nù náírà. Ẹbí ta ilẹ̀ láti fi san án. Nígbà tí àwọn kan débẹ̀, wọn kò bá iṣẹ́ kankan. Bí ìjọba bá sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó gbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá òmíràn. Ẹ kì í gbọ́ orúkọ éjẹ́ǹtì nínú òfófó Kútọ̀. Orúkọ ìyá ọmọ lẹ̀ ń gbọ́.

Ẹbí ńkọ́? Nígbà tí owó bá dé, ta ló ń ná an? Ó di aṣọ ẹbí, ó di ayẹyẹ òkú, ó di ìpìlẹ̀ ilé bàbá àgbà. Bí ọmọ bá wá yàgò lọ́nà, baba tó wà nílé, tí kì í bèèrè iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, yóò tẹ́ ọwọ́ pé ìyá rẹ̀ ló fà á. A ti ń sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ tó bá dára ti baba ni, èyí tí kò dára ti ìyá rẹ̀ ni. Ìrẹ́jẹ gbáà ni òwe yẹn.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò sí látijọ́. Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent àti Sussex. Wọ́n padà wálé ní lọ́yà, ní dókítà, a sì fi ìlù pàdé wọn.

Ìlú wa pàápàá mọ ohun tí ìpínyà ìyá àti ọmọ jẹ́. Ogun kó Àjàyí ní Òṣoògùn ní ọdún 1821, ó sì ya òun àti Àfálà ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 25, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, nígbà tó ti di Àlùfáà Samuel Crowther, Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tún fojú kan ara wọn. N kò sọ pé físà àti oko ẹrú dọ́gba. Ẹni tó gba físà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tó rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yẹ kó wádìí ohun tó ya ìyá àti ọmọ kó tó na ìka sí ìyá.

Kí la ó wá ṣe? Kí ẹbí tó ta ilẹ̀, kí ó dáhùn lójú gbogbo ènìyàn: ta ni yóò tọ́ ọmọ, kí ni iṣẹ́ baba, èló nínú owó tó bá wọlé ni yóò jẹ́ ti ọmọ àti ti ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ, kí a tó sọ ti ayẹyẹ? Kí ìjọba wa náà sì lanu. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, oṣù kan ṣáájú òfin yìí, Nàìjíríà àti Ìlú Ọba fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí òwò ní Àbújá. Ẹni tó lè jókòó sọ̀rọ̀ ọjà lè jókòó sọ̀rọ̀ ọmọ: kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ lè mú ọmọ wọn wá kí ọjọ́ tó lọ.

Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé obìnrin kan sá fi ọmọ sílẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: ìwọ tó wà nítòsí ńkọ́, ìgbà wo lo mú ọmọ náà dé ilé-ìwé gbẹ̀yìn?