Ilé Ọtí Tí Ẹsẹ̀ Lè Dé Láti Ìdíkọ̀ Rélùwéè

Láìpẹ́ yìí ni bàbá oníṣòwò kan, tí ó ti Ìbàdàn wá wo ẹrù rẹ̀ ní èbúté Àpápá, bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò rí èsì fún lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Akọ̀wé, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí òùngbẹ ń gbẹ mí, ibo ni mo lè fi ẹsẹ̀ mi rìn dé, kí n mu ìgò bíà kan tí ó tutù, kí n jẹ ẹran díẹ̀ sí i, kí n sì rí ọkọ̀ wọ̀ padà láìsí wàhálà?" A dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a rò ó." A ti rò ó, ohun tí a sì rí nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọtí lọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń kọ́ ìdíkọ̀ sí ni, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí a ń rìn ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ àwọn obìnrin tí ń tajà ni pẹ̀lú.

Kí àwọn àgbà ìjọ má ṣe bínú sí wa. Ilé ẹ̀kọ́ mísọ̀n ni a ti kọ́ wa ní ìwé, a sì mọ ohun tí ọtí àmujù ti ṣe nínú ọ̀pọ̀ ilé. A kò kọ èyí láti sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mu yóò mu; ohun tí ó kù fún ọlọ́gbọ́n láti bèèrè ni ibi tí yóò ti mu ún, ohun tí yóò wà nínú ife, àti ọ̀nà tí yóò gbà dé ilé rẹ̀.

Òpópónà Liverpool tí ó wà ní Àpápá, níbi tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, orúkọ ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́. Òpópónà Liverpool mìíràn wà ní Manchester, òun náà sì ní ìtàn rélùwéè. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, 1830, ni a ṣí ọ̀nà irin láti Liverpool dé Manchester, orúkọ òpópónà náà ni a sì fi pe ìdíkọ̀ tí ó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ilé náà dúró títí di òní, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà náà wá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Ní Liverpool gan-an, ilé ọtí kan tí a ń pè ní Crown wà nítòsí ìdíkọ̀ Lime Street. Ẹni tí ó jáde nínú ọkọ̀ kò ní láti béèrè ọ̀nà. Ní 1971 ni àwọn olùfẹ́ bíà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀, láti 1974 ni wọ́n sì ti ń tẹ ìwé tí ó ń sọ ilé ọtí dáradára jáde lọ́dọọdún. Ní tiwa, ẹnu ni a fi ń júwe ibi tí ó dára, ẹnu sì ni a fi ń gbàgbé rẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé àwa kò ní irú rẹ̀ rí. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà irin láti ìhà Ìdó, ní oṣù Kẹta 1901 ni a sì ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1926 ni ọkọ̀ ojú omi ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí èbúté tuntun ní Àpápá, rélùwéè sì wọ inú èbúté náà. Àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ń ti Liverpool wá. Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń rin ọ̀nà Liverpool sí Èkó títí di 1972. Ẹ fi ojú inú wò ó: èrò ń sọ̀ láti orí omi, òmíràn ń wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn akọ̀wé ń jáde ní ọ́fíìsì, àwọn aláàárù àti òṣìṣẹ́ èbúté ń fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ajégúnlẹ̀. Ohun méjì ni ó ń gbé ilé ọtí ró, ẹsẹ̀ ènìyàn àti àkókò tí ó dájú. Ẹni tí ń ta ọtí ní láti mọ̀ pé èrò yóò kọjá níwájú òun, kí ó sì mọ wákàtí tí wọn yóò kọjá. Níbi tí méjèèjì bá ti pé, ìyá olóúnjẹ yóò gbé ìkòkò kaná láìbẹ̀rù.

Ibi tí a kọ́ ìdíkọ̀ àtijọ́ sí tún ràn án lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, ìdíkọ̀ wà ní Láfẹ́nwá. Ní Ìbàdàn, ó wà ní Dùgbẹ̀, àárín ọjà gan-an. Ẹni tí ó sọ̀ ní Dùgbẹ̀ ti bọ́ sí àárín ìlú. Nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ yìí kan náà, nínú ilé kan tí í ṣe ilé oúnjẹ àwọn ará Lebanon tẹ́lẹ̀, ni a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J. P. Clark wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ní Òṣogbo, ìlú tí rélùwéè dé ní 1907, ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, tí a ń pè ní Popular Bar, ni ó di Mbari Mbayo ní 1962. Níbẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde sí ayé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ilé tí a ti ń jókòó mu nǹkan. Ọtí ń pe ènìyàn jọ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lè pẹ́ ju ọtí lọ.

Kí ni ó wá bá Àpápá? Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó èrò dáwọ́ dúró, ọkọ̀ òfuurufú gba ipò rẹ̀. Ní 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can, ẹrù pọ̀ sí i, ọ̀nà irin sì ń rẹ̀yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé tírélà ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù. Tírélà wọ̀nyí tò láti Tin Can dé òpópónà Liverpool, dé Creek Road, dé Wharf Road, ní ọ̀sán àti ní òru. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́bàá èbúté mọ ìyá kan tí ń ta bíà àti pẹpẹ súùpù ní àdúgbò náà. Tírélà kan dúró sí ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nígbà tí ó ṣí kúrò, òmíràn gba ibẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà wọlé mọ́. Nígbẹ̀yìn, ìyá náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé omi inú ọ̀rá lérí, ó ń tà á fún àwọn awakọ̀ tí ó sé e mọ́lé. Bí a bá ní kí a sọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá jẹ run, kí a má ṣe ka ti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan. Kí a ka ti ìyá yìí mọ́ ọn.

Ní oṣù Kejì 2021 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí a sọ ní Ètò, pé kí tírélà kankan má ṣe wọ Àpápá àfi bí a bá pè é láti orí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún náà ni a sì ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó jẹ́ kìlómítà 157, tí ẹ̀ka rẹ̀ dé inú èbúté Àpápá. Èyí dára púpọ̀, nítorí gbogbo àpótí ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé jẹ́ tírélà kan tí a mú kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹrù kì í mu bíà. Ẹ̀búté Mẹ́ta, ní Alágòméjì, ni àwọn èrò Ìbàdàn ti ń wọ ọkọ̀, kì í ṣe Àpápá. Àpótí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé òpópónà Liverpool.

Ẹ tún wo òdìkejì. Ní Ìbàdàn, ìdíkọ̀ tuntun wà ní Mọ́níyà. Ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Ládérin, orúkọ Ṣóyínká ni a sì kọ sí i lára. Ẹni tí ó ti jókòó ní Dùgbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára ìdíkọ̀ tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé àárín ìlú láti ibẹ̀! A mọ̀ pé ilẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, a sì mọ̀ pé wíwó ilé àárín ìlú náwó. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìdíkọ̀ jìnnà sí ènìyàn, a ní láti gbé nǹkan tí ènìyàn ń fẹ́ lọ bá ìdíkọ̀.

Inú ìlú Èkó ni ìrètí wà. Ọkọ̀ Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Red Line bẹ̀rẹ̀ láti Agbádo dé Ọ̀yìngbò ní oṣù Kẹwàá 2024. Àárín ènìyàn ni wọ́n ń gbà kọjá. Nítorí náà, èsì wa sí bàbá oníṣòwò nìyí: kí ó má ṣe wá ilé ọtí rẹ̀ ní Àpápá kí ó tó wọ ọkọ̀; kí ó wá a ní ìhà Alágòméjì àti Yábàá, níbi tí ìdíkọ̀ Ìbàdàn àti ti Red Line kò ti jìnnà síra, tí ilé oúnjẹ sì wà káàkiri. Yábàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni ilé ijó Kakadu wà ní àwọn ọdún 1960, tí Fẹlá ti ṣeré. Ẹni tí ó bá gba Blue Line, kí ó rántí pé Iganmu, tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ni a ti ń pọn bíà Star láti 1949. Ó jẹ́ ohun ẹ̀rín pé bíà ti wà lẹ́bàá ọ̀nà irin ṣáájú kí ọkọ̀ èrò tó dé bá a.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó dára? Èkíní, kí a ṣí ìgò lójú ẹni, kí ìdérí rẹ̀ má sì ní àmì pé a ti ṣí i rí. Èkejì, kí oúnjẹ wà níbẹ̀, nítorí ọtí lórí ikùn òfìfo ọ̀tá ni. Ẹ̀kẹta, kí ilé ìtọ̀ wà, kí ó sì mọ́. Ẹ̀kẹrin, kí obìnrin lè jókòó níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Ilé tí ìyàwó ẹni kò lè wọ̀, kí ọkọ náà rò ó wò. Ẹ̀karùn-ún, kí a sọ iye owó kí a tó mu. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe eré. Ní 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Òde Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì tún pa àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol kò ní òórùn tí yóò fi ara rẹ̀ hàn nínú ife. Ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pa ènìyàn. Ní ti ọtí inú ọ̀rá, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é ní oṣù Kejì 2024, ariwo pọ̀, a sì sún un síwájú di ìparí 2025. Ohun tí a rí ni pé níbi tí kò bá ti sí ilé dáradára, ọtí inú ọ̀rá ni ó ń gba ipò rẹ̀, nítorí kò béèrè àga, kò béèrè oúnjẹ, kò sì béèrè ìtìjú.

Ohun kan tún kù, òun ni ọ̀nà àrìnpadà. Ní ọjọ́ tí a ṣí ọ̀nà Liverpool sí Manchester ní 1830, William Huskisson, aṣòfin Liverpool, sọ̀ kalẹ̀ sí ojú irin, ọkọ̀ ojú irin gbá a, ó sì kú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ní ìkóríta PWD ní ìhà Ìkẹjà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọkọ̀ ojú irin kì í yà fún ènìyàn. Ilé ọtí tí ó jẹ́ pé ojú irin ni a ní láti gbà dé ibẹ̀ kò sí nítòsí ìdíkọ̀, àní bí kò tilẹ̀ ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Ẹ gba orí afárá, ẹ̀yin ará wa.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ gùn. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn aláṣẹ rélùwéè àti ti ìpínlẹ̀ Èkó ya ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ sọ́tọ̀ ní gbogbo ìdíkọ̀, ní owó tí ìyá olóúnjẹ lè san, dípò kí a máa lé e káàkiri bí adìẹ. Kí a jẹ́ kí ọkọ̀ èrò tún máa dé Àpápá ní wákàtí tí ó dájú, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí òpópónà Liverpool tún rí ẹsẹ̀ ènìyàn. Kí àwa tí a ń mu sì fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ mu, nítorí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lè mu ìgò kan láìpa ọmọ ẹlẹ́ni lójú ọ̀nà.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì ta ìkòkò rẹ̀. Ó ní bí èrò bá tún ń kọjá, òun yóò tún gbé e kaná. Bàbá oníṣòwò, ẹ fi sùúrù dúró dè é. Ó dìgbóṣe.