Atọ́kùn kan, eégún púpọ̀

Nínú gírámà Yorùbá, "ọ̀rọ̀ atọ́kùn" ni a ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "ní" àti "sí". Orúkọ náà bá wọn mu, nítorí atọ́kùn ni í darí eégún. Bí atọ́kùn bá ṣìnà, eégún yóò ṣìnà. Atọ́kùn èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ni a ó yẹ̀ wò lónìí: "by".

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó gbà pé "by" kò ju "par" èdè Faransé lọ. Ààbọ̀ òótọ́ ni. "Written by Adé" ni "écrit par Adé". Àwa a ní "Adé ni ó kọ ọ́", a kò tilẹ̀ wá atọ́kùn kankan. "Learn by heart" ni "apprendre par cœur", èyí tí à ń pè ní híhá nǹkan sórí. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà wọn pín. "By the river" ni "au bord de la rivière", lẹ́bàá odò. "By night" ni "de nuit", lóru. "One by one" ni "un à un", lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọjọ́ ni ewu wà. Bí oníbàárà kan ní Èkó bá kọ̀wé sí alágbàdo kan ní Kétu pé "Deliver the maize by Friday", kò ní kí ó dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ọjọ́ Ẹtì má kọjá lórí ẹrù náà: "au plus tard vendredi". Bí ó bá dé ní ọjọ́rú, ó dára. Ẹni tí ó bá ṣì í gbọ́, tí ó wá di ọjọ́ Ẹtì kí ó tó wá ọkọ̀, lè pàdánù oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀dọ́ tí ó rí "Apply by 30 June" lórí ìwé ìgbaniwọlé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ atọ́kùn láìmọ eégún rẹ̀. Ẹ kọ odindi gbólóhùn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ Faransé àti Yorùbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn, èdè ìyá yín ni yóò là yín lọ́yẹ̀. "She stood by her friend" lè jẹ́ pé ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò fi í sílẹ̀ nígbà ìṣòro. Yorùbá ní tirẹ̀ tí ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́: ó dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.